Èmi Ni Ìrù Ọ̀nì Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ohùn fóònù yẹn kù, kí ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ bí abàmì ẹranko inú rẹ̀ ṣe ń bú ramúramù. Nígbà tí mo bi yín pé irú ẹranko wo nìyẹn, ẹ ní ẹranko àtijọ́ ni, pé sinimá rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí bàbá yín, pé àwọn onísinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i dìde ni, wọ́n dá ara tuntun fún un, wọ́n sì ti ṣe é láti apá kìíní dé apá karùn-ún. Rámátù tiẹ̀ ní, "Baba, sabo ne yanzu," pé tuntun ni báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ ń gbé omi ìwẹ̀ fún, mo ti ṣe abàmì ẹranko rí nínú ìlú Kàdúná yìí. Mi ò ṣe odindi rẹ̀ o, ìdajì ni mo ṣe. Èmi ni ìrù. Nígbà tí àwọn onífídíò wá jí ẹranko tiwa náà dìde, wọ́n gé mi sọnù. Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n gé mi, mo gbẹ̀san lára rẹ̀, ẹ̀san náà sì dùn mọ́ mi lẹ́nu ju oyin lọ. Lèmọ́mù ti bá mi sọ ọ́, ìyá yín àgbà sọ ọ́ títí Ọlọ́run fi pè é, wọ́n ní kí n dárí ji ọkùnrin náà. Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ náà ni mo gbọ́.

Kí fídíò tó gba ìlú, eré orí ìtàgé ni a ní. Àwa Yorùbá tí wọ́n bí síbí, àti àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà, a ní ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Mahuta níbí. Télọ̀ ni ọ̀gá wa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Òun ló rán ọ̀nì tí ìlú padà wá ń pè ní Ọ̀nì Olóhùn Méjì. Inú odò ìlú wa yìí ló ti mú èrò rẹ̀, nítorí àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀nì pọ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un ju ẹja lọ.

Awọ màlúù ló fi ṣe orí àti ẹ̀yìn rẹ̀. A ó sá awọ náà sóòrùn, a ó máa fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀, òórùn á gba àdúgbò kan. Àwọn aládùúgbò á máa bú wa ní Hausa, àwa náà á máa bẹ̀ wọ́n ní Hausa. Rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni ìrù. Èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ ṣà á ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television, lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. A rán ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ọn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìrù yẹn bá ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, àwọn ọmọdé á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí nǹkan kan, wọ́n á ti wọ abẹ́ ìborùn ìyá wọn. Ẹ̀yin ò mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù bá fẹ́ bà yín, ẹ ó dá a dúró, ẹ ó lọ mumi, ẹ ó padà wá tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.

Jákọ́bù ló wà nínú orí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, oníṣọ́ọ̀ṣì, ó ga, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni pé inú kànga ló ti ń sọ̀rọ̀. Èmi á so ìrù mọ́ ìdí, màá bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ awọ lẹ́yìn rẹ̀, màá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Òun ń ríran láti ẹnu ọ̀nì, èmi ò rí ju gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ. Òfin kan wà: orí kì í bojú wẹ̀yìn. Bó bá yí ọrùn, ojú rírán á ya. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bó bá gbá itan ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, a fẹ́ yà sọ́tùn-ún nìyẹn, bó bá gbá tòsì, a yà sósì. Ṣùgbọ́n bó bá gbá itan lẹ́ẹ̀mejì, pà pà, ohun tó ń sọ ni pé òun ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀, kí n máa wọlé bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ wà nínú awọ yẹn, Jákọ́bù ò gbá itan lẹ́ẹ̀mejì kí n má wọlé. Ibà ń ṣe mí, mo wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá yín, mo gbọ́ pà pà, mo wọlé. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Mo ti mọ ìgbà tí ikọ́ fẹ́ gbé e kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Nínú gbọ̀ngán kan ní Sabon Tasha lọ́jọ́ kan, ní àsìkò Àjíǹde, ajá kan gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ yẹn, ó sì gbá ìrù mú. Mo rò pé ọmọdé kan ló ń fà mí ni, mo bá fẹsẹ̀ ta á. Ajá bù mí jẹ. Mo gba òsì lọ, Jákọ́bù gba ọ̀tún, ọ̀nì là sí méjì lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Jákọ́bù ló pọ̀n mí lọ gba abẹ́rẹ́. Bó ti ń lọ ló ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìrù mi, o mà wúwo o." Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, kò pè mí ní nǹkan mìíràn.

Ààwẹ̀ Rámádánì ló sọ ọ̀nì náà di ààyò ìlú. Ní ìparí eré, ọ̀nì á ti gbé ọba odò mì, Jákọ́bù á wá ké pé, "Mo ti yó o!" aṣọ ìtàgé á sì wálẹ̀. Ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀ náà, oòrùn ń jó òrùlé páànù, èmi wà nínú awọ màlúù, mi ò tíì fẹnu kan omi. Obìnrin kan tún wá ń dín màsà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Jákọ́bù ké, "Mo ti yó o!" Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là, tí mo pariwo láti ìdí ọ̀nì pé, "Ban koshi ba!" Èmi ò tíì yó!

Gbọ̀ngán rọ́ gìrìgìrì fún ẹ̀rín. Ẹranko tí orí rẹ̀ yó, tí ìrù rẹ̀ ń pebi! Orí ń sọ Yorùbá, ìrù ń sọ Hausa. Àwọn ọmọ Kàdúná rí ara wọn nínú rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, Yorùbá nínú ilé, Hausa lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ká parí eré láìsọ ọ́. Àwọn Hausa aládùúgbò tó ń bú wa nítorí òórùn awọ, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. A ṣe é ní Iléyá, a ṣe é ní Kérésì. Jákọ́bù jẹ ẹran mi, mo jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ọ̀gá wa le, ó pe àwa méjèèjì. Ó ní, "Orí á máa sùn nílé Jákọ́bù, ìrù á máa sùn nílé tìrẹ. Kí ẹnì kan má fi ẹnì kejì sílẹ̀ lọ ṣeré. Ọjọ́ tí ẹ bá bá méjèèjì nínú ilé kan, kí ẹ mọ̀ pé eré ti parí." Jákọ́bù fi Bíbélì búra, mo fi Kùránì búra. Ọ̀gá kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò dé. Àwọn èèyàn ò wá sí gbọ̀ngán mọ́, ilé ni wọ́n ti ń wò ó, ìlú náà kò sì rọgbọ bíi tàtijọ́, oníkálukú ń tètè ti ilẹ̀kùn. Èmi ò bínú síyẹn. Mo ṣì ń tún ìrù ṣe. Ọjọ́ tí mo lọ wá rọ́bà ní gáréèjì Television ni mo rí pósítà lára ìsọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ọ̀nì wa ni! Ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó fi dígí dúdú sójú, ó fara ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ọmọbìnrin kan sì dì mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé "Ọ̀nì: Apá Kìíní."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wá ìrù mi nínú pósítà yẹn. Mo wò ó títí, mo wá rìn yí ìsọ̀ náà ká lọ sí ẹ̀yìn, bóyá ìyókù ẹranko náà wà lára ògiri kejì. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ìsọ̀ ní, "Baba, me kake nema?" Ó fẹ́ mọ ohun tí mo ń wá. Mo ní, "Wutsiya." Ìrù ni mo ń wá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba ilé Jákọ́bù lọ tààrà. Ó wà níwájú ilé, ó ń wẹ ọmọ. Bó ti rí mi ló mọ̀.

Ó ní, "Ìrù mi, jókòó."

Mo ní, "Ìrù wo? Fi ìrù hàn mí nínú pósítà yẹn."

"Onífídíò ló ní kò bá ìgbà mu mọ́. Ó ní ẹranko tó ń wọ́ nílẹ̀, báwo ló ṣe máa wa mọ́tò? Ó ní àwọn ará Ìbàdàn ò gbọ́ Hausa."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?"

Ó ń da omi sí ọmọ náà lórí, ó ń dà á, omi tán nínú ike, ó ṣì ń dà á. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí i níparí."

Mo lọ wo sinimá náà nílé aládùúgbò kan. Nígbà tó parí, tí orúkọ ń gòkè lọ, ìyá yín àgbà ń kà á fún mi. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń sebẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yá wọn ní mọ́tò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá kan. Tèmi ò sí níbẹ̀. Jákọ́bù ní gbígbàgbé ni wọ́n gbàgbé, pé ó di apá kejì. Ní apá kejì, ọ̀nì ti kàwé, ó ti di lọ́yà, ìrù rẹ̀ ò sì hù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo jókòó sínú ilé yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìdérí ìgò.

Ìyá yín àgbà ní, "Bàbá Sàláwù, níbo lẹ̀ ń gbé ìyẹn lọ?"

Mo ní, "Mo fẹ́ lọ jẹun ni."

Ó ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tó pọ̀n yín o. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Mo ní kó bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ojú mi ò ríran mọ́. Ó gba abẹ́rẹ́, ó ki okùn bọ̀ ọ́.

Gbọ̀ngán kan náà ní Sabon Tasha, níbi tí ajá ti gé mi jẹ, ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ apá kẹta. Ọ̀sán Sátidé ni. Gbogbo Yorùbá ìlú wà níbẹ̀, àwọn tó ti rí wa lọ́mọdé ti di abiyamọ. Onífídíò fẹ́ kí Jákọ́bù kọ́kọ́ gbé orí ọ̀nì àtijọ́ wọ̀, tòun ti awọ ẹ̀yìn rẹ̀, kó jó fún àwọn èèyàn kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, mo ti so ìrù mọ́ ìdí, mo sì bo gbogbo ara mi. Mo gbọ́ ijó. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Jákọ́bù wá ké bó ṣe ń ké é látijọ́, ohùn inú kànga yẹn, pé, "Mo ti yó o!"

Gbọ̀ngán dákẹ́. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé kí wọ́n retí rẹ̀, ara wọn ló rántí. Ó tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ṣílẹ̀kùn. "Ban koshi ba!"

Ẹ̀yin ọmọ, ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn! Àwọn abiyamọ gun orí àga. Mo wọlé, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, wọ́n là fún mi sọ́tùn-ún sósì, àwọn ọmọdé ń ké, àwọn ìyá wọn ń sunkún ẹ̀rín. Onífídíò ń juwọ́ pé kí wọ́n lé mi jáde, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Mo gun orí ìtàgé. Jákọ́bù kò yíjú wẹ̀yìn. Orí kì í bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí awọ sókè fún mi, ó gbá itan: pà pà.

Mo dúró.

Mo tú ìrù kúrò ní ìdí mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kó má dún. Mo ṣí aṣọ lójú kí gbogbo ayé rí mi. Mo fìka lé ẹnu, pé kí wọ́n dákẹ́, mo sì tọ́ka sí Jákọ́bù. Ó wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga yẹn, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàdí sí gbogbo ìlú, ó ń dúró dè mí. Ó gbá itan lẹ́ẹ̀kan sí i: pà pà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Pà pà. Ó rò pé mi ò gbọ́ ni, nítorí ariwo, ó wá ń fi agbára gbá a. Pà pà! Pà pà! Àwọn ọmọ kan ti ń kọrin, "Kada mara wutsiya!" Ọ̀nì tí kò nírù! Ìgbà náà ni Jákọ́bù yí ọrùn wẹ̀yìn. Mo gbọ́ bí ojú rírán ṣe ya, ṣaara. Ó wò mí láti ẹnu ọ̀nì. Mo rọra sọ fún un, òun nìkan ló gbọ́, mo ní, "Kò bá ìgbà mu mọ́." Mo gbé ìrù mi, mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀san ò gbóògùn. Mo jẹ àwo ìrẹsì méjì lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò rántí sinimá náà, bí Jákọ́bù ṣe nàdí ni gbogbo ìlú ń sọ. Kò sí apá kẹrin. Bí Jákọ́bù bá ń kọjá ní Sabon Tasha, àwọn ọmọdé á máa gbá itan lẹ́yìn rẹ̀, pà pà, pà pà. Wọ́n sọ fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ó wá kó ẹbí rẹ̀, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò gbé rí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láti kékeré. Kò wá dágbére fún mi. Èmi náà ò sìn ín dé gáréèjì. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo tún lè ṣe é, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá sì tún dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó gbé ìrù mi.

Wọn ò tíì bí Rámátù nígbà tí ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn yìí, ó gbé àpò ìrẹsì ńlá kan lórí. Dèbórà ni, ọmọ Jákọ́bù, èyí tó ń wẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ bá a jà. Ó ti dàgbà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní bàbá òun ti kú, àwọn ti sin ín, pé kó tó kú, ó ti ní kí orí wá máa sùn lọ́dọ̀ mi. Mo tú àpò náà. Orí ọ̀nì ni, ọrùn rẹ̀ tó ya lọ́jọ́ yẹn, Jákọ́bù ti rán an. Ojú rírán náà wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe télọ̀. Inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo gbé e sí, ó sì wà níbẹ̀ di òní, òun àti ìrù.

Mo fún Dèbórà lómi. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ jẹ̀rora.

Ó ní, "Kò jẹ̀rora púpọ̀, Bàbá. Itan nìkan ni. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń fọwọ́ gbá itan. Lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi, á tún gbá a lẹ́ẹ̀mejì. A mọ̀ pé itan ló ń dùn ún. A fi òróró pa á títí, a fi omi gbígbóná jó o, kò dáwọ́ dúró. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe é rí nígbà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?"

Mi ò tíì dárí jì í, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Itan rẹ̀ máa ń dùn ún tipẹ́tipẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọkàn òun balẹ̀ báyìí, nítorí àwọn ti ń rò pé nǹkan kan ló ń béèrè.